Ilẹ̀kùn Inú Ilé: Kí Ó Ṣí, Kí Ó sì Tì

Bí ènìyàn bá ń kọ́lé, ilẹ̀kùn ìta ni í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. A wá igi tí ó le tàbí irin tí ó nípọn. A wá kọ́kọ́rọ́ tí olè kò lè tètè já. A sì kùn ún ní ọ̀dà tí ń dán, kí àlejò lè mọ̀ pé ilé ẹni pàtàkì ni òun dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan àwọn ilẹ̀kùn inú ilé, ti yàrá, ti ilé ìdáná, ti ilé ìwẹ̀ àti ti ibi tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ọwọ́ onílé a rọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni a óò rà. Ẹni tí ó bá wà nítòsí ni a óò pè láti gbé e kọ́. Ọdún kan kì í pé tán kí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀, kí ó máa ké bí ọmọ tí ebi ń pa, kí a sì máa fi èjìká tì í kí ó tó ṣí.

Àìbìkítà yìí kò dára. Ilẹ̀kùn ìta ń dènà olè, olè kì í sì í wá lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn inú ilé ni à ń ṣí tí a sì ń tì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Òun ni ó ń bo àṣírí ẹni tí ń wẹ̀. Òun ni ó ń fún aláìsàn ní ìsinmi. Òun ni kì í jẹ́ kí èéfín ilé ìdáná gba gbogbo ilé. Ní ọjọ́ ewu ẹ̀wẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà àbájáde. Nítorí náà, iṣẹ́ ilẹ̀kùn inú ilé kò ju méjì lọ: kí ó ṣí wẹ́rẹ́, kí ó sì tì dáadáa. Nǹkan méjì yìí ni ó tọ́ kí a fi dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe dídán ojú rẹ̀. Èyí tí ó bá sì kùnà nínú wọn, nígbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé bí a ti gbé e kọ́ ni kò dára, tí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nípa ilẹ̀kùn. Kí irin ìgbàlódé tó kún ọjà, gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gbẹ́ ilẹ̀kùn láti ara pátákó ńlá kan, a sì fi gọngọ igi sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Gọngọ òkè a wọ inú ihò ní àtẹ́rígbà, ti ìsàlẹ̀ a wọ inú ihò ní ìloro, ilẹ̀kùn a sì máa yí lórí wọn. Ilẹ̀ ni ó ń ru ìwúwo irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni pátákó tí ó nípọn, tí a sì fín ère sí lójú, fi lè dúró pẹ́ láìwọ́. Iṣẹ́ yìí ní ọlá púpọ̀. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ọgọ́gà ti Ìkẹ́rẹ́ ni a gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1924, ó sì di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn náà ni ìwakùn onírin gba ipò gọngọ igi, èyíinì ni irin aláwẹ́ méjì tí ń ṣí tí ó sì ń pàdé bí ìwé. Àwọn Àgùdà tí ó ti ilẹ̀ Bràsíl padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà, wà lára àwọn tí ó mú irú ilé tí ń lo ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀. Ìrọ̀rùn ni ó mú wá, ṣùgbọ́n ìyípadà kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Ilẹ̀kùn tí a so mọ́ ìwakùn kì í gbé ara lé ilẹ̀ mọ́; ẹ̀gbẹ́ òpó ni ó fi ń rọ̀. Sukúrù díẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀, ti òkè ni a sì ń fà jù lọ. Bí ti òkè bá tú, ìhà kọ́kọ́rọ́ a rẹlẹ̀, igun ìsàlẹ̀ a máa ha ilẹ̀, igun òkè a sì máa há mọ́ òpó. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé ilẹ̀kùn ti bàjẹ́.

Òwe wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń ṣe sí ilẹ̀kùn wọn nìyẹn. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí a fi owó kòkó kọ́ ní Ìbàdàn, ní Iléṣà àti ní Oǹdó, ilẹ̀kùn ìrókò àti ti ọ̀gànwó ṣì wà tí ọjọ́ orí wọn ju ti onílé lọ. A óò fa irú rẹ̀ tu nítorí pé ó ń ké, a óò sọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé di igi ìdáná, a óò sì fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí a lẹ̀ mọ́ páálí oníhò bí afárá oyin rọ́pò rẹ̀. Èyí tí a sọ sínú iná ni inú igi ìrókò tí ikán kì í fẹ́ràn láti jẹ. Èyí tí a fi owó rà ni ohun tí omi ilé ìwẹ̀ yóò mú wú. Nítorí pé ìwakùn àtijọ́ tí ó ti tú náà ni a tún fi gbé tuntun kọ́, kò ní pẹ́ kí òun pẹ̀lú tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀.

Kí onílé tó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó yẹ kí ó yẹ ilẹ̀kùn náà wò bí oníṣègùn ti ń yẹ aláìsàn wò. Kí ó ṣí i dé ìdajì, kí ó di ìhà kọ́kọ́rọ́ mú, kí ó sì gbé e sókè díẹ̀. Bí ìwakùn òkè bá ń mì, àrùn ti hàn. Kí a tú sukúrù rẹ̀, kí a gbẹ́ igi líle tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìwọ̀n ihò náà, kí a fi gọ́ọ̀mù pátákó pa á lára, kí a gbá a wọlé, kí a sì gé orí rẹ̀ dọ́gba. Bí ó bá gbẹ ní ọjọ́ kejì, kí a dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun sí i, kí a sì fi sukúrù tí ó gùn ju ti ìṣáájú lọ dè é. Iṣẹ́ kékeré yìí ti dá ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn padà sí ipò.

Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ láti tì, tí ó ń ta padà bí ẹni pé ọwọ́ kan ń tì í láti ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kí a ti gbẹ́ ibùjókòó ìwakùn jinlẹ̀ jù. Kí a tú u, kí a gé páálí líle sí ìwọ̀n rẹ̀, kí a fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a sì dè é padà. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí tàbí tí ó ń tì fúnra rẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́, òpó ni kò dúró ṣánṣán; okùn tí a so òkúta mọ́ nídìí yóò fi ibi tí ó tẹ̀ sí hàn. Bí ó bá ń há, tí a kò sì mọ ibi tí ó ti ń há, kí a fi ẹfun pa ojú òpó, kí a tì í, kí a sì tún ṣí i. Ibi tí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ lára ilẹ̀kùn ni ibi tí ó yẹ kí a fá, kì í ṣe ibòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ igbe nìkan ni ó ń ké, ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ kan tàbí méjì ní ojú ibi tí ìwakùn ti ń yí ti tó. Kí a má ṣe lo epo pupa, nítorí yóò dì, yóò sì pe èèrà.

Àgbẹ̀ mọ̀ pé ohun gbogbo ní àkókò; bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ igi rí. Lẹ́yìn tí a ti la igi tí a sì ti fá a, ó ṣì ń mu ọ̀rinrin ní ìgbà òjò, ó sì ń tú u jáde ní ìgbà ọyẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wú. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìbínú fá ilẹ̀kùn ní àárín òjò yóò rí àlàfo ńlá ní àárín ọyẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó ń há nígbà tí òjò ń rọ̀, kí a sì dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí igi bá ti gbẹ, kí a fá díẹ̀ níbi àmì náà, kí a sì kun gbogbo ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọ̀dà: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí àti ìdí. Orí àti ìdí ni káfíńtà ọ̀lẹ kì í kùn, nítorí ojú kì í rí wọn. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò sí ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí a pààrọ̀. Bí ọ̀bẹ bá ń wọ inú igi bí ẹni ń gún iṣu sísè, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Bí ìdí rẹ̀ bá ti rà nítorí omi, tàbí tí gbogbo ara rẹ̀ bá ti lọ́ bí ewé gbígbẹ, kí a jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yẹ òpó wò kí a tó ra òmíràn. Ikán tí ó jẹ ilẹ̀kùn lè ti gba ìdí òpó wọlé, pàápàá níbi tí òpó bá ti fi ìdí kan ilẹ̀ lásán tàbí tí ó wà nínú ògiri alámọ̀. Ẹni tí ó gbé ilẹ̀kùn tuntun kọ́ sára òpó tí ikán ti jẹ ń fún ikán ní oúnjẹ ọ̀tun ni.

Kí a wọn àyè òpó, kí a má ṣe wọn ilẹ̀kùn àtijọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni ìṣáájú ṣi iṣẹ́ ṣe. Kí a wọn fífẹ̀ rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Kí a wọn gíga rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Kí a sì na okùn láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ kejì, ní ìhà méjèèjì. Bí okùn méjèèjì kò bá gùn dọ́gba, àyè náà kò dọ́gba. Ilẹ̀kùn yàrá sábà máa ń ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, a sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Ti ilé ìwẹ̀ lè fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ní ti rẹ̀, ẹni tí ó bá fi ojú wọ̀n ọ́n yóò fi owó kọ́gbọ́n.

Ní ti irú èyí tí a óò rà, kí onílé ro ibi tí yóò lò ó sí. Ìrókò, apá àti ọ̀gànwó wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń pẹ́. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá. Kòkòrò àti ọ̀rinrin a sì máa tètè bà á jẹ́ bí a kò bá fi oògùn igi pa á. Ilẹ̀kùn onípáálí nínú náà ní àǹfààní tirẹ̀: ó fúyẹ́, ó tọ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó lè sin yàrá tí ó gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìwẹ̀. Kí a rántí pé etí rẹ̀ nìkan ni igi gidi wà, àti ibi kékeré tí a fi sílẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó bá gé púpọ̀ kúrò ní etí rẹ̀, tàbí tí ó dá ihò kọ́kọ́rọ́ sí ìhà tí kò ní igi, ti ba á jẹ́ kí ó tó gbé e kọ́. Èyíkéyìí tí a bá rà, kí a tẹ́ ẹ gbọọrọ nínú ilé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí afẹ́fẹ́ ilé lè mọ́ ọn lára kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Níbi gbígbé ilẹ̀kùn kọ́ ni òwe yìí ti ń ṣẹ. Kí àlàfo mìlímítà 3 wà lókè àti ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ti ìsàlẹ̀ tó mìlímítà 10, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹní nínípọn bá wà nílẹ̀. Kí ìwakùn òkè wà ní nǹkan bí ínṣì 6 sí orí ilẹ̀kùn, kí ti ìsàlẹ̀ wà ní nǹkan bí ínṣì 9 sí ìdí rẹ̀. Bí igi náà bá wúwo, kí a fi ẹ̀kẹta sáàárín. Kí a gbẹ́ ibùjókòó ìwakùn kí ó jinlẹ̀ tó bí awẹ́ irin náà ti nípọn, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì dín. Kí a fi igi pẹlẹbẹ gbé ìdí ilẹ̀kùn sókè bá ipò rẹ̀, kí a fi sukúrù kan ṣoṣo de ìwakùn kọ̀ọ̀kan, kí a sì ṣí i, kí a tì í, kí a wò ó. Bí ó bá tọ́, kí a wá fi ìyókù sí i. Káfíńtà tí ó bá kọ́kọ́ fi gbogbo sukúrù sí i kí ó tó dán an wò, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ṣe. Kọ́kọ́rọ́ ni a ń fi sí i kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí a fo. Ọ̀dà àtijọ́ púpọ̀ ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a má ṣe fi bébà ìfági ha ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, kí a má sì fi iná sun ún. Kí a rin ín, kí a há a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níta, kí àwọn ọmọdé àti aboyún jìnnà síbẹ̀, kí a sì gbá èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ jọ sọnù. Igi ìrókò pẹ̀lú, eruku rẹ̀ a máa yún ara ẹlòmíràn, a sì máa dí i ní èémí. Kí ẹni tí ń fá a bo imú àti ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ wá kù. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lónìí, irin wà lójú gbogbo fèrèsé nítorí olè. Bí iná bá ṣẹ́ ní òru nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá nìkan ni ọ̀nà. Bí ilẹ̀kùn náà bá jẹ́ èyí tí a ń fi èjìká tì kí ó tó ṣí ní ọ̀sán gangan, kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà yóò fi ṣí i nínú èéfín? Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá, ta ni yóò wá a nínú òkùnkùn? Kí kọ́kọ́rọ́ tí a bá fi sí yàrá jẹ́ èyí tí a lè fi ọwọ́ lásán ṣí láti inú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti àwọn ọmọ mọ́ inú yàrá láti ìta kí ó sì lọ sí oko tàbí ọjà. Títì dáadáa náà ní èrè tirẹ̀: ilẹ̀kùn tí a tì ń dá iná àti èéfín dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè tó láti gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ pé iná wà ní ìta yàrá, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá gbóná, kí ó má ṣe ṣí i, kí ó fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì ké pè láti ojú fèrèsé. Níbi tí irin bá wà, ó dára kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí a lè ṣí láti inú.

Ti ilé ìwẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn àgbàlagbà a máa yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí sínú, ara ẹni tí ó ṣubú ni yóò dí i, àwọn tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ yóò sì dúró níta. Nítorí náà, níbi tí àyè bá gbà, kí a gbé ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kọ́ kí ó lè máa ṣí síta, kí ìdè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a lè fi owó ẹyọ tàbí ọ̀bẹ yí láti ìta. Ìyẹn kò gba owó ju ti ìṣáájú lọ. Ìrònú nìkan ni ó gbà.

Àwọn kan yóò wí pé owó káfíńtà pọ̀, àti pé ó yá láti ra tuntun ju láti tún àtijọ́ ṣe lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n sukúrù mẹ́fà, gọ́ọ̀mù díẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kan kò tó owó ilẹ̀kùn kankan, iṣẹ́ náà kò sì kọjá agbára ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá ní sùúrù. Àwọn mìíràn yóò wí pé ilẹ̀kùn àtijọ́ ń dójú ti àwọn níwájú àlejò. Kí wọ́n kùn ún. Àlejò yóò lọ, ìyá àgbà tí ń fi ọ̀pá rìn ni yóò dìde ní òru wá ilẹ̀kùn tí kò ní bá a jà.

Nítorí náà, kí onílé yan ìrọ̀lẹ́ kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí ó sì yí gbogbo ilé rẹ̀ ká. Kí ó jẹ́ kí ọmọ tí ó kéré jù tí ń rìn dáadáa àti ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé fi ọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tì í. Èyí tí ó bá kọ̀ fún wọn, kí ó sàmì sí i, kí ó sì tún un ṣe kí òjò tó padà dé.